Àdúrà Ọ̀sán Tí Mo Ṣèlérí Tí Mi Ò Gbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ǹ bá tiẹ̀ dákẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ìjọ wa. Ẹni tó dárúkọ mi fún wọn gan-an ni mo ṣẹ̀.

Télọ̀ ni mí, Ìgándò níbí ni mò ń gbé. Ìyá Adé ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ará Èkìtì ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ wọn, tí ohùn bàbá náà lọ, wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Ṣeun, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jọ̀ọ́, bá mi dúró. Tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, kí èmi gbàdúrà nílé, kí ìwọ náà gbà á níbí."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Irọ́ ni mo pa. Mo lè pariwo àdúrà láàárín èrò títí ohùn mi á fi há. Bí kò bá ti sí ẹni tó ń gbọ́, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Tí aago méjìlá bá lù, fíìmù ni mò ń wò lórí fóònù. Tí wọ́n bá béèrè nírọ̀lẹ́, mà á ní, "Àdúrà gbóná lónìí, mà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sáré wálé wá mú òwú. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Adé lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá wọn. Mo ṣe bí àlejò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mi ò ní purọ́, inú ń bí mi sí Ọ lónìí. Mo jágbe mọ́ ọkọ mi láàárọ̀ torí pé ó da ẹ̀kọ sára. Dárí jì mí. Ó ti rẹ̀ mí. Bí O ò tiẹ̀ ní wò ó sàn, ṣá máa bá wa gbé." Wọ́n tún ní: "Ìyá Ṣeun tó ń bá mi gbé e, má jẹ́ kó rẹ òun náà."

Mi ò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ariwo, kò sí ọ̀rọ̀ ńlá, bí ọmọ tó jókòó ti bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Títí dòní, ìyá yẹn ń wù mí í fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó yẹ kí n wọlé kí n jẹ́wọ́. Mi ò lè ṣe é. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbórí lé máṣíìnì. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju "Olúwa, òpùrọ́ ni mí" lọ. Mo rò pé àdúrà tí mo kọ́kọ́ gbà láyé mi nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá wọn gbà á lóòótọ́. Bàbá kò tíì sàn tán, àmọ́ wọ́n ti ń fọ̀pá rìn, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ti ń jáde. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Ìyá Adé di ọwọ́ mi mú níwájú ìjọ: "Ẹni tó bá mi dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ rèé." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ ipò náà kí n dákẹ́, àbí kí n sọ òótọ́ fún Ìyá Adé? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ mọ̀ pé àwọn nìkan ló dá wà lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Tí ẹnìkan bá sì ti ṣèlérí àdúrà fún yín rí, tí kò gbà á, mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ dárí jì í.