Ẹni Tó Kọ̀wé Nípa Mọ́nsúrátù

[Gbàù. Gbàù. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́ lẹ́tà ní ilé pósìtì Parakou, lọ́dún 1981, nígbà tí ìjọba Benin ní ká máa fi “a ti múra fún ìyípadà” àti “ìjà ń bá a lọ” kí ara wa lédè Faransé. Èmi ni mò ń so ìlà níbẹ̀; ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò lágbègbè yẹn. Ó ṣì ń dún sí mi létí.]

PÓSÌTÌ: Prêt pour la révolution. Parakou rèé. Kútọnu, ẹ máa sọ̀rọ̀.

AKÍNỌLÁ: La lutte continue. Ẹ ṣeun, kámáráàdì. Àlóò? Ìyá Mọ́nsúrátù?

SÌDÍKÁTÙ: Àlóò. Ta ni?

AKÍNỌLÁ: Èmi ni, Akínọlá, tísà tó ń kọ́ Mọ́nsúrátù ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà. Òjò ńkọ́—

SÌDÍKÁTÙ: Tísà, ẹ kú àjò o. Wọ́n ní ẹ lọ ṣe sítáàjì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tísà, ní Kútọnu. Kì í ṣe tìtorí òjò lẹ ṣe ní kí wọ́n pè mí kúrò nídìí abọ́ tánganran mi.

AKÍNỌLÁ: Rárá, mà. Mọ́nsúrátù... ṣé ó wà?

SÌDÍKÁTÙ: Ó ti di ẹrù. Ọkọ̀ Ìlọrin ń gbéra ní aago méjì. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Kò sí sùkúù mọ́.

AKÍNỌLÁ: Lónìí? Nítorí—

SÌDÍKÁTÙ: Nítorí ìwé tí sùkúù kọ sí wa. Pé wọ́n rí i nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti oko sùkúù, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó já sí kòtò. Pé ọtí sódàbì ló mu. Ọmọ Alhájì, sódàbì.

[Ìlà ń hó.]

AKÍNỌLÁ: Ẹ gbọ́, mà. Kò mu ohunkóhun. Ojú rẹ̀ ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

SÌDÍKÁTÙ: Ojú wo? Ọmọ tó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́?

AKÍNỌLÁ: Lọ́sàn-án nìyẹn. Dókítà ojú kan wá bá àwa tísà sọ̀rọ̀ lánàá. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú, nínú lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà, oríṣi méjì. Àwọn kan ṣe ṣóńṣó, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn ló ń mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àwọn kejì gùn bí ọ̀pá—

SÌDÍKÁTÙ: Tísà, èmi ò bá yín wọ kíláàsì.

AKÍNỌLÁ: Ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó gùn yẹn ló ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Aró kan wà nínú wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ bá kàn án, ó máa yí padà, ọpọlọ á sì gbọ́. Ó jọ pé ti Mọ́nsúrátù ò ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́sàn-án ó ń ríran bí èmi àti ẹ̀yin. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kò rí kòtò.

SÌDÍKÁTÙ: ...Ó máa ń di aṣọ mi mú tí a bá ń bọ̀ láti ọjà. Mo ní, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí lò ń dì mọ́ mi fún. Mo máa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

AKÍNỌLÁ: Èmi ni mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn. Ó nawọ́, ó ní, “Tísà, tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òkùnkùn bá kú ńkọ́?” Mo ní kó jókòó, pé kò sí nínú ìdánwò.

SÌDÍKÁTÙ: Ẹ ní kó jókòó.

AKÍNỌLÁ: Mo ní kó jókòó.

[Gbàù. Gbàù.]

SÌDÍKÁTÙ: Oògùn rẹ̀ ńkọ́?

AKÍNỌLÁ: Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló dín, ẹ̀dọ̀ ẹran àti epo pupa lè tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ló ń kú... dókítà ló máa sọ. Kó má wọ ọkọ̀ yẹn, mà. Ṣé ẹ ń gbọ́—

SÌDÍKÁTÙ: Mo ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ ni kò ní gbọ́. Ó ní òun ò fẹ́ àlàyé lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó ní òun rí i tó mutí, kí onítọ̀hún sọ pé òun ò rí i. Ìyẹn nìkan ló lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

AKÍNỌLÁ: Ṣé... wọn ò kọ orúkọ sínú ìwé náà ni?

SÌDÍKÁTÙ: Òǹtẹ̀ sùkúù nìkan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Fádípẹ̀ ni, tó ń ṣọ́ wọn lóko. Mo fi ìborùn gbájá, mo lọ bá a nílé ní Albarika, mo sọ̀rọ̀ sí i títí ìyàwó rẹ̀ fi ń sunkún. Ó kàn ń sọ pé, “Èmi kọ́, Ìyá Mọ́nsúrátù.” Ẹ ò rí àgàbàgebè. Ará àdúgbò ò kí òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́ nídìí ẹ̀rọ omi.

AKÍNỌLÁ: Fádípẹ̀ kò—

SÌDÍKÁTÙ: Kò kí ni?

AKÍNỌLÁ: Fádípẹ̀... èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

SÌDÍKÁTÙ: Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́.

AKÍNỌLÁ: Ẹ rí i, ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ bá dé, wọ́n á panu mọ́. Ìdákẹ́ wọn ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé—

SÌDÍKÁTÙ: Wọ́n jọ àwọn aládùúgbò mi ní Ladjifarani. Tísà. Ta ló kọ ọ́?

AKÍNỌLÁ: Ìlà yìí ò dáa. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

SÌDÍKÁTÙ: Mo ń gbọ́ yín ketekete.

AKÍNỌLÁ: Àlóò?

SÌDÍKÁTÙ: Mo ní mò ń gbọ́ yín. Orúkọ kan ṣoṣo. Màá sáré dé gáréjì kí aago méjì tó—

PÓSÌTÌ: Kútọnu, àkókò yín ti pé.

AKÍNỌLÁ: Ìyá Mọ́nsúrátù, ẹni tó kọ ọ́ ni—

[Ìlà já.]

[Tẹlegíráàmù láti Kútọnu, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà]

SÌDÍKÁTÙ, LADJIFARANI, PARAKOU. ÈMI AKÍNỌLÁ NI MO KỌ ÌWÉ NÁÀ. MO RÍ I TÓ ṢUBÚ, N KÒ BÉÈRÈ. N KÒ RÍ ỌTÍ. FÁDÍPẸ̀ KÒ MỌ NǸKAN KAN. Ẹ FI ÈYÍ HAN BÀBÁ RẸ̀.