Ooru Tí Wọ́n Jọ Ń Lò

Fẹlísíà Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹ̀gín, ọmọ Ekímògún, àbúrò mi tí í ṣe bí ẹ̀gbọ́n: nítorí ìsìnkú rẹ̀ ni mo ṣe wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọkùnrin àti obìnrin, jókòó tì mí, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀. Ètò tó ń ṣe bí ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́, tí ń ṣe gààrí àti èlùbọ́, ni wọ́n jọ ń kọ sínú rẹ̀. Èmi tí n kì í gbàgbé orúkọ, n kò gbọ́ tiwọn.

"O ti jó èlùbọ́ mi!" Obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Èlùbọ́ inú kọ̀ǹpútà? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

"Ọ̀sán yìí la máa fi han olùkọ́ o. Ta ló yí ooru padà?"

"Èmi ni. Gààrí mi ò tètè gbẹ, mo bá fi kún un. Tèmi nìkan ni mo tún ṣe."

"Èwo ni tìẹ? Nọ́ńbà ooru kan ṣoṣo la kọ síbẹ̀. Agbada tìẹ ń wò ó, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ èlùbọ́ náà ń wò ó. O dá yí ohun tí a jọ ń lò, o wá ní tìẹ nìkan!"

"Ẹ má bínú, ìyá elélùbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rántí pé láàárọ̀ yẹn, mo ti ní kí pásítọ̀ mú ìsìnkú kúrò ní ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́bọ̀, nítorí dókítà tó fẹ́ wo orúnkún mi ní ọjọ́ Ẹtì náà. N kò sọ fún Fúnmi, Táyọ̀ àti Bọ́sẹ̀, àwọn ọmọ Àbẹ̀kẹ́ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Mo pe pásítọ̀ padà nínú mọ́tò.

Ọjọ́ Ẹtì ni a sin Àbẹ̀kẹ́.