Bí A Ṣe Yan Alùpùpù Tó Gbé Wa Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí ìbàdí mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n sì dìde láìké "yéè"… ìgbà yẹn ni mò ń sọ. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Ṣẹ́gun. Mo ti rí alùpùpù tó ò ń fi hàn mí. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ga nídìí bí agbọ́n. O ní o fẹ́ máa fi rin ìrìn àjò, ìwọ àti Bísí àfẹ́sọ́nà rẹ, ẹ ó máa lọ jẹ́jẹ́, ẹ ó máa wo ìlú. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé Bísí ti jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wò?

Kò tíì jókòó. Mo mọ̀! Àbíjọ ni tiyín. Bí bàbá àgbà rẹ ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tó kù náà, ẹ sún mọ́ mi, n ò ní lè pariwo.

Pápá Àjàó ní Mushin là ń gbé nígbà náà, èmi àti bàbá àgbà yín. Yàrá kan, pálọ̀ kan. Èmi ń ránṣọ níwájú ilé, òun ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Yaba. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀kadà o. Ta ló máa gbé ẹni tí kò mọ̀ rí sẹ́yìn, kó tún gbowó lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá ní alùpùpù nígbà yẹn, ọ̀gá ni. Ní Sátidé á gbé e síta, á fọ̀ ọ́, á nù ún, gbogbo àdúgbò á máa kí i kú ìnáwó. Lónìí ńkọ́? Wọ́n pọ̀ lójú títì ju ewúrẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáàrí ló mú àwa wá alùpùpù kiri. Bàbá mi ni.

Bàbá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà, Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, òun sì ni ẹyinjú Bàbá. Àjọkẹ́ wọ bọ́lẹ̀kájà láti Èkó, ó ń lọ sílé. Kò délé… Obìnrin kan tó yè nínú ọkọ̀ náà ló wá ròyìn fún Bàbá. Ó ní gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń pariwo pé, "Dẹ́rẹ́bà, rọra! Rọra o!" Ó ní ohùn Àjọkẹ́ ló ròkè jù. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ló bá tún tẹná mọ́ ọn. Kọ́ńà tó wà níwájú ni wọ́n parí sí.

Mo wà ní Mushin níbí, oyún wà nínú mi, nígbà tí ará ilé wa kan wá jíṣẹ́ Bàbá fún mi. Bàbá ní, "Ẹ sọ fún Àbẹ̀kẹ́, ọkọ̀ tí òun bá ti máa sọ pé 'rọra', tí ẹni tó ń wà á ò ní gbọ́, kó má wọ̀ ọ́ wá sílé mi. Tó bá wọ̀ ọ́ wá, n ò ní jáde sí i." Ó parí. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló tó fẹsẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ẹ̀yin ìsinsìnyí lẹ máa ní, "Dádì ti dàgbà, ẹ má dá wọn lóhùn." Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á bímọ.

Kí lo wí? Rélùwéè? Rélùwéè ò dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ mi. Tó o bá sọ̀ ní Òṣogbo, bọ́lẹ̀kájà náà lo tún máa wọ̀. Ta ló tiẹ̀ ń sọ fún dẹ́rẹ́bà rélùwéè pé kó rọra? Mọ́tò tara ẹni sì rèé, ta ló ní in nínú wa?

Bí mo ṣe jókòó sí Èkó nìyẹn o. Mo bí Délé, bàbá Ṣẹ́gun yìí. Délé rákò, ó dìde, ó rìn, Bàbá mi ò rí i. Ó dùn mí, ó dùn mí, mo máa ń ránṣọ kí omi ojú máa bọ́ sórí aṣọ oníbàárà. Ìgbà tó yá, iṣẹ́ mìíràn tún dé láti ilé. Wọ́n ní ojú Bàbá ti ń ṣú, nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú. Wọ́n ní Bàbá ní, "Ẹ bá mi bẹ Àbẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi." Ṣùgbọ́n wọn ò yí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ padà.

Ọdún yẹn ni ìjọba fowó kún owó oṣù, tí wọ́n san àríà, owó oṣù tó ti kọjá, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Áà, gbogbo Èkó gbóná! Ẹlòmíràn ra rédíò, ẹlòmíràn fẹ́yàwó kún ìyàwó. Bàbá àgbà yín wọlé dé, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Ìyá Délé, alùpùpù ni. Èmi fúnra mi ni màá gbé yín lọ bá Bàbá." Mo dìde, mo dì mọ́ ọn lójú àwọn oníbàárà mi, ojú ò tì mí.

A lọ sí Yaba, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó to alùpùpù síta bí ẹni tó to iṣu. A ò tíì dúró dáadáa tí ojú ọkọ mi fi bọ́ sórí ọ̀kan. Pupa fòò! Sàlẹ́ńsà rẹ̀, ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde, gùn, ó ń kọ mànà. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ tẹ ẹ́, ó bú ramúramù, ọkọ mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo rí i pé ó ti bá ìyẹn lọ. Ọkùnrin tó bá rí alùpùpù pupa, etí rẹ̀ máa ń di.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wò."

Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Ẹ̀yìn ò ní wàhálà, màdáàmù. Iwájú niṣẹ́ wà."

Ìró ni mo ró, mo wá jókòó ní ẹ̀gbẹ́. Àga yẹn dà sẹ́yìn, mò ń yọ̀ bí ẹni jókòó sórí ọṣẹ. Mo di ọkọ mi mú. Ohùn tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fi sọ pé, "Bàbá Délé, ẹ rọra." Kò yíjú. Mo tún un sọ. Ó ń tẹná ní tiẹ̀, ó ń mirí.

Ọlọ́jà ní, "Màdáàmù, tẹ́ ẹ bá pariwo díẹ̀, wọ́n á gbọ́."

Mo bọ́ sílẹ̀. Inú bí mi, ẹ gbọ́, inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. Gbogbo èrò ọkọ̀ pariwo. Kí ló dà? Èyí tí wọ́n á ti gbọ́ mi láìpariwo ni mo fẹ́!" Ọkọ mi pa iná alùpùpù. Ó wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí i lọ́kàn ni. Ó ní, "Má bínú, ìyá mi. Máa yàn án."

Èmi ni mo wá di ẹni tó ń yan alùpùpù! Mo gun èyí, mo sọ̀, mo gun tọ̀hún. Ọ̀kan wà tí kò pariwo, àmọ́ ibi ìfẹsẹ̀lé rẹ̀ ga, orúnkún mi fẹ́ kan àgbọ̀n. Mo ní, "Ṣé kí n dé Ògbómọ̀ṣọ́ ká máa bá mi na ẹsẹ̀ ni?" Ọkùnrin náà ti ń wò mí bí ẹni tó máa lé mi. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ọ̀kan lẹ́yìn, nínú kọ̀rọ̀. Àwọ̀ eérú. Kò dán, kò ní fáàrí kankan. Àga rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́jú, ó rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ga díẹ̀, ẹni tó ń gùn ún á nàró, kò ní tẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ń kùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọkọ mi fajú ro. Ó ní, "Ti kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì nìyí! Ìyá Délé, wọ́n á máa bi mí pé ìsìn aago mélòó."

Mo ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wà á."

A gbé e jáde, a kọjú sí ọ̀nà Ìwáyà. Lọ́rí ń kọjá, àwọn ọmọ ń ké, ìyá ẹlẹ́ja ń polówó. Mo rọra gbé ẹnu sẹ́yìn ọrùn rẹ̀, mo ní, "Ẹ rọra."

Ó rọra. Kò bi mí pé kí ló dé. Kò ní kò sí nǹkan níwájú. Ó kàn rọra ni. Mo fojú mọ́ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sunkún títí a fi padà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ra ti eérú.

Mo wá rán ṣòkòtò fún ara mi, kí n lè jókòó bó ṣe yẹ. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa rí mi, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìyá Délé, ṣé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ṣójà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo pọn Délé, mo gbá ọ̀já mọ́ ọn gírígírí, a gba ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò o, ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Bí lọ́rí bá ń bọ̀, màá ní ẹ rọra, ó rọra. Bí a bá dé afárá, mo ní ẹ rọra, ó rọra. Dẹ́rẹ́bà kan fọn fèrè lẹ́yìn wa, ó bú wa, ó ní àwa àti ìgbín ta ni ọ̀gá. Ọkọ mi juwọ́ sí i! A sùn ní Ìbàdàn. Nígbà tí a kúrò ní Ọ̀yọ́, mo ró ìró lé ṣòkòtò nítorí Bàbá. Ìbàdí ò ro mí, ẹ̀yìn ò ro mí. Ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan ni mò ń rò.

Bàbá wà níta, lórí àpótí. Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ìró wa, òjìji ni wọ́n rí. "Ta nìyẹn?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Àbẹ̀kẹ́." Wọ́n na ọwọ́… ọwọ́ yẹn dúró lójú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní, "Kí lo wọ̀ wá?"

Mo ní alùpùpù ni, ọkọ mi ló wà á. Mo ní, "Bàbá, bí mo bá ní 'rọra', wọ́n máa ń gbọ́."

Bàbá dìde. Wọ́n ní, "Ẹ gbé mi sí i."

Ẹ gbọ́! Àgbàlagbà tí kò sún mọ́ ọkọ̀ kankan láti ọjọ́ tí Àjọkẹ́ ti kú! A gbé wọn sẹ́yìn, wọ́n di èjìká àna wọn mú, ọkọ mi sì wakọ̀ lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, Délé lẹ́yìn mi. Ọ̀nà tẹ́jú, kò sẹ́nì kankan lójú rẹ̀. Mo rí i tí alùpùpù rọra. Kò sí nǹkan níwájú o. Ó tún sáré díẹ̀. Ó tún rọra. Wọ́n ṣẹ́rí padà, ó sáré, ó rọra, ó sáré, ó rọra, bí ọmọ tó ń ṣeré. Ọkàn mi wálẹ̀, mo jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, omi ti bo ojú Bàbá. Wọ́n ní, "Ó gbọ́. Àjọkẹ́, ó gbọ́." Àjọkẹ́ ni wọ́n pè mí, n ò sì tún un ṣe. Wọ́n gba Délé lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn pẹ́kípẹ́kí, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Etí mi ló ní." Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú wọn ní ọdún yẹn, wọ́n rí i dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Títí dòní ni mo ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin tiyín, ẹ ó ti nǹkan olórin bọ etí, ẹ ó tẹná. Ta ló ń gbọ́ ta ni mọ́? Hùn… Ó dáa, Ṣẹ́gun. Lọ mú Bísí dání lọ́la. Kó jókòó lẹ́yìn agbọ́n rẹ yẹn. Kó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ọ pé kó o rọra. Tó o bá gbọ́, rà á.