Èébú Kì í Béèrè Èsì

Lórí ìlà tí a tò láti gba káàdì ìdìbò nítòsí Apple Junction, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló dúró síwájú mi, ó ń fi íápíìsì gbọ́ ráàpù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn olóṣèlú.

"Ó dùn," ni bàbá wí nígbà tó yọ ọ́ létí, "ṣùgbọ́n èébú ti pọ̀ jù. O bú orí wọn, o tún bú ikùn wọn."

"Dádì, bí ráàpù ṣe rí nìyẹn. Tí mi ò bá bú wọn, àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbọ́."

"Wọ́n á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó tán. Omi máa ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ilé wa ní Festac nígbà kan. Bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa padà yọ. Èébú kì í béèrè èsì."

Ọmọbìnrin náà tún gbólóhùn yẹn sọ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ń fi ìka lu itan bíi pé ó ti ń wá ibi tó máa fi sí nínú orin.

"Dádì, ẹ má bínú o. Gbogbo ọdún tí ẹ fi bá wọn ṣiṣẹ́, ṣé ẹ̀yin bi wọ́n?"

Ìlà sún síwájú. Bàbá ò tètè sún.

"Lẹ́tà ni mò ń kọ sí wọn," ló wí. "'Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀' ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, 'tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀' náà ni mo fi ń parí ẹ̀. Mi ò bi wọ́n ní nǹkankan láàárín."