Ẹja Ènì Tí Mo Jù Sínú Àpò Àna Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àna mi sọ ohun kan fún mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi mọ́. Ìwé mi ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹja gbígbẹ ni mo tà ní ọjà Bódìjà títí orúnkún mi fi ní ó tó. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Táíláǹdì. Nígbà tó bímọ, èmi àti ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Mọníyà, la jọ lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. "Ìyá Ọkọ" ni mo ń pè wọ́n, àwọn náà ń pè mí ní "Ìyá Ìyàwó".

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi mú àwa méjèèjì bá àwọn àlejò kan tó wá ṣèbẹ̀wò sí ìlú náà lọ wo ọjà ìgbèríko. Ọmọbìnrin ibẹ̀ kan ló ń mú wa kiri, ó na agboòrùn pupa sókè ká má baà sọnù. A rí àwọn obìnrin tó ń tajà nínú ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà la dé ọjà kan tí ojú irin gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìyá Ọkọ ní, "Ìyá Ìyàwó, tí rélùwéè bá gba iwájú àtẹ yín ní Bódìjà, dírẹ́bà rẹ̀ lẹ máa ta ẹja fún!"

Mo ní, "Á sì gba ènì!" A rẹ́rìn-ín.

Mo ra ẹja lọ́wọ́ obìnrin kan níbẹ̀. Ó dì í fún mi, kò fi ènì kankan sí i. Níbi tèmi, oníbàárà tí o kò bá fún ní ènì, á fúnra rẹ̀ mú un níṣojú rẹ, kò sì ní dìjà. Bẹ́ẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ ojú irin dún. Àwọn ọlọ́jà ń ká ìbòrí àtẹ wọn, obìnrin náà yíjú. Mo mú ẹja kan. Àpò tèmi ti kún, ni mo bá jù ú sínú ti Ìyá Ọkọ. Mo fẹ́ sọ fún wọn, ariwo ọkọ̀ ò jẹ́.

Ọkọ̀ kọjá tán, obìnrin náà figbe ta. Ìrù ẹja ti yọ síta nínú àpò Ìyá Ọkọ. Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri pa ọwọ́ pọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Gbogbo àwọn àlejò ń wò wá.

"Ìyá Ìyàwó, ẹ gbà mí o! Ṣé mo mú ẹja?"

Mo ní, "Èmi ò wo ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú ló kọ́kọ́ dí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí a ti dé Táíláǹdì ni ọmọ mi ti ń yin bí Ìyá Ọkọ ṣe ń wẹ ọmọ ju tèmi lọ. Inú mi dùn díẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi sọ fún Ìyá Ọkọ pé, "Màmá, ẹ dójú tì mí."

Ọmọ mi ti lóyún kejì báyìí. Èmi nìkan ló ní kí n wá. Ó ní kí Ìyá Ọkọ máa sinmi nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ọkọ wá bá mi nílé mi ní Àgbowó kí n bá wọn bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá Ìyàwó, ó ní láti jẹ́ pé mo mú ẹja yẹn tí mi ò mọ̀. Mo ti lọ sọ fún dókítà pé iyè mi ń ra." Wọn kì í tan gáàsì mọ́ tí kò bá sí èèyàn nílé. Mo fún wọn lómi mu. Mi ò jẹ́wọ́.

Màá jẹ́wọ́, ìyẹn ti dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ pe ọmọ mi lórí fóònù ni, àbí kí n wọ mọ́tò lọ kúnlẹ̀ ní Mọníyà? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá ọkọ, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta lẹ máa fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ pé orí yín pé?