Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Lábẹ́ Orin Fújì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹrù kan wà lórí mi tí mo ti ń rù láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Mo ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, n kò tíì sọ̀ ọ́. Mo yí orúkọ gbogbo wa padà nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí Èjìgbò kò tóbi tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi.

Orin ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì fújì, wákà àti àpàlà tó kún páálí mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọkọ mi kò sì tó ẹni tó máa ní kí n dà wọ́n nù. Lóṣù tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ra ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń kó orin inú kásẹ́ẹ̀tì sínú fóònù. Ó ní kí a gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a mọ èyí tó ti bàjẹ́.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń bó ẹ̀gúsí, mo sì ń sọ ìtàn àwo kọ̀ọ̀kan fún un. Èyí ni mo rà lọ́sẹ̀ tí mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ aṣọ rírán. Èyí ni bàbá rẹ̀ rà fún mi nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, a kò tíì parí rẹ̀ títí dòní.

Ó wá mú ọ̀kan tí kò ní àwòrán lára. Bírò ni mo fi kọ nǹkan sí i, pé fújì tuntun. A gbọ́ ojú kìíní, a yí i sí ojú kejì. Orin tán, a kò pa á. Kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń yí. Ni ohùn ọkùnrin kan bá jáde, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọmọ mi ní, "Màámi, ta nìyẹn?"

Mo pa á kíá, mo ní àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni, pé wọ́n máa ń polówó ara wọn síbẹ̀. Mo parọ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, Bọ̀ọ̀dá Mùfú, ó sì ti kú tipẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Mùfú ni àkọ́bí ìyá wa. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tó gbé Sàlámátù níyàwó tó fi gba Àbíjàn lọ, bí àwọn ọkùnrin wa ṣe máa ń lọ. Fóònù kò sí nígbà náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ yóò sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, yóò fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ nílé. Ẹni tó bá ní téèpù nínú agboolé ló máa gbà á, tí yóò fi í sínú téèpù fún àwọn ará ilé láti gbọ́. Nílé tiwa, èmi ni mo ní téèpù. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè da orin ọ̀kan sínú èkejì. Bọ̀ọ̀dá Mùfú fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí mi láti Àbíjàn. Kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́.

Ìyàwó ni mo máa ń pe Sàlámátù. Ó fi ọdún bíi mẹ́ta jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé, ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́. Kò pe orúkọ mi rí. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló sọ mí, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ìyá wa ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ òsì nígbà náà. Ìyàwó ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń gbé e jáde sóòrùn. Èmi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ku oṣù díẹ̀ kí n ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ẹnìkan sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, awakọ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ọ̀gá ti lọ sí ilé ìkómọ. Mo máa ń gbé téèpù mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan ni mo sì gbọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Mùfú ní òun ti rí yàrá gbà, kí Ìyàwó bá awakọ̀ yìí kan náà bọ̀ nígbà tó bá tún ń padà lọ. Ó wá ní, "Rìsí, ìwọ lo máa dúró ti Màámi. Fi iṣẹ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ ná, kò lè sá lọ. Dakọ́? Ó yé ọ, àbí?"

Ó dùn mí dé egungun. Kò bi mí. Ó kàn pín ayé mi bí ẹni pín ẹran ọdún. Mo fẹ́ràn ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ara mi nídìí ẹní rẹ̀ títí tí n ó fi darúgbó, ẹ̀rù sì bà mí.

Ẹ má sọ fún mi pé Ṣàtánì ló tì mí. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣẹ́ ike kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn sórí ohùn rẹ̀. Mo mú àkísà ańkárá nílẹ̀, mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì tì í bọ inú àwọn ihò náà. Àwo fújì tí ọ̀rẹ́ mi yá mi ni mo dà lé e lórí. Nígbà tí ojú kìíní tán, mo dìde, mo yí i padà. Ẹni tó bá ń ṣèèṣì kì í dìde lọ yí kásẹ́ẹ̀tì padà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyàwó pé ọkọ rẹ̀ kí i, ó ní kó ní sùúrù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn díẹ̀." Mo ní téèpù ti fa kásẹ́ẹ̀tì náà já. Ó bi mí bóyá a lè so ó. Mo ní rárá. Nígbà tí awakọ̀ ń padà lọ, mo rán an pé Ìyàwó ní òun kò ní lè wá, pé Màámi ni òun fẹ́ tọ́jú.

Láti ìgbà náà, Bọ̀ọ̀dá Mùfú kò fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì a gbọ́ pé ó ti fẹ́ ará ibẹ̀. Mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù mi, mo lọ sílé ọkọ, mo bímọ. Ìyá wa lo ọdún mẹ́fà sí i lọ́wọ́ Ìyàwó, kò ní egbò ìdùbúlẹ̀ kan lára. Àwọn ará agboolé wá ń sọ pé torí pé ó yàgàn ni ọkọ rẹ̀ ṣe pa á tì. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. N kò sọ̀rọ̀.

Àìsàn ló pa ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì sin ín sọ́hùn-ún. Ìyàwó wọ tàkábà fún un, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin tó rò pé ó ti kọ òun. Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ara, ibẹ̀ ló ti ń yan gàrí títí dòní. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Kò bímọ.

Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi gùn ju àwo fújì yẹn lọ. N kò mọ̀, torí n kò jẹ́ gbọ́ ọ dé òpin rí láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọmọ mi sùn ni mo gbọ́ ohun tó ṣẹ́kù, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ní, "Sàlámátù, tí o kò bá fẹ́ wá, ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ fún mi, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n tí ààwẹ̀ bá parí tí n kò rí ọ, màá mọ̀ pé ọkàn rẹ kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ti sọ fún Rìsí. Rìsí kò ní já mi kulẹ̀."

N kò lè jẹun lọ́jọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta mo gun ọ̀kadà lọ sí Ara. Mo ti fi ẹ̀rọ ọmọ mi kó ohùn náà sínú fóònù mi. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́.

Ìyàwó rí mi, ó fi igbá ìyangàrí sílẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó di ògiri mú, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Nínú ilé yín, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbàgbé mi. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín." Ó gbé gàrí tuntun fún mi pé kí n mú lọ sílé fún àwọn ọmọ. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, ṣé kò wá sí ibi tí ohùn bọ̀ọ̀dá yín wà nínú wọn ni? Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Mo ní kò sí.

Mo gbé gàrí rẹ̀ wálé. Tí n bá jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà, yóò mọ̀ pé ọkọ òun fẹ́ òun, pé wọ́n purọ́ mọ́ òun ni. Ohùn kan náà ni yóò sọ fún un ẹni tí mo jẹ́, torí orúkọ mi wà níbẹ̀. Tí n bá sì pa á mọ́, yóò kú pẹ̀lú èrò pé a kọ òun.

Lánàá, mo bi ọmọ mi bóyá ẹ̀rọ yẹn lè gé díẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ èèyàn, kí ìyókù sì ṣẹ́kù. Ó ní kò le rárá, pé kí n kàn fi ibi tó máa gé hàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ tètè dá mi lóhùn kí n tó fi hàn án.