Jona Tí Mo Kọ Lórúkọ Ọkọ Mi

Ẹ̀gúsí ni mò ń bó lójúde lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ibà ń ṣe ọmọ mi, a ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ọkọ mi ti ìsìn dé, ó ní, "Ìyàwó, wọ́n ti ka orúkọ ọkọ rẹ níwájú ìjọ. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ohun tí kò fi yẹ kó di àlùfáà, kó wí. Mo wo gbogbo ulé Ọlọ́run yíká, kí n rí ẹni tó máa yanu."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀gúsí. Èmi ni mo mọ nǹkan. Ó ku Àìkú méjì tí wọ́n máa tún kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Olùkọ́ kan náà ló kọ́ èmi àti ọkọ mi níwèé ní kékeré. Rúlà ló fi ń kọ́ni. Gbogbo wa tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ìkọ̀wé wa jọra títí dòní, ẹ ò ní mọ ti ẹnì kan yàtọ̀. Ẹ rántí èyí.

Nígbà tí ọkọ mi fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé rẹ̀ ló ń wù mí. Mo ti ka sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n wọn kì í gba obìnrin níbẹ̀. Bó bá wálé ìsinmi, tó bá ti lọ sóko, màá ṣí àpótí rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kí ni wọ́n ń kọ́ ẹni tí yóò máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nítorí wa?

Lọ́dún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀wé sí i pé olùkọ́ ò tó nílé-ìwé, pé òun náà kò ṣe dáadáa tó. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe nígbà ìsinmi kò bá dára, kó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ìwé Jona ni wọ́n ní kó kọ nípa rẹ̀.

Èmi náà kọ tèmi pamọ́. Eré ni mo pè é.

Ó kọ tirẹ̀ tán, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo kà á lójú ọ̀nà. Ẹja ló kọ láti òkè délẹ̀. Kò béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rárá: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹran ọ̀sìn ni ìwé náà parí sí? Ṣé àánú wọn ń ṣe Ọlọ́run ni?

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí tèmi tó wà nínú àpò mi, mo fi í ránṣẹ́ dípò tirẹ̀. Bí mo bá ní nítorí tirẹ̀ ni, irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa sọ sí i ni.

Èmi ni mo gba èsì lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà wá. Wọ́n dá iṣẹ́ náà padà, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí i pé, "A kò gbọdọ̀ pàdánù ẹni yìí." Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Nígbà tó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀gá wọn kàn sọ fún un pé iṣẹ́ ìsinmi rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lé e lọ. Ó wálé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹja yẹn gbè mí o." Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ló ti múra sí ìwé. Bó bá wálé, kò sí aláìsàn ládùúgbò tí kì í bẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́ ni, àbí mo ràn án lọ́wọ́? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún un tí kò fi ní rò pé gbogbo ìgbà ni mo ń fi òun rẹ́rìn-ín?

Lánàá, Bọ́lá ọmọ mi rí ìwé náà nínú àpótí mi, ó ní kí n kà á fóun. Mo kà á. Ó ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

Mo ní, "Kò tíì mọ̀. Bó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé lọ́jọ́ Ẹtì, màá kà á fún un, bí mo ṣe kà á fún ọ yìí."